Bẹ́ẹ ṣe máa mọ̀ pé ọ́dà kan fẹ́ kùnà kí kọ́sítọ́mà tó pè yín

Ká ní ẹ ń ta bàtà lórí íńtánẹ́ẹ̀tì, sítóò yín wà n'Íbàdàn, ẹnì kan wá ra ọ̀kan láti Abẹ́òkúta, ó ní tìráńsífà lòun fẹ́ fi sanwó. Ọ́dà yẹn á kọ́kọ́ wọ website yín, website á ju ọ̀rọ̀ owó sí ilé-iṣẹ́ tó ń bá yín gbowó, báǹkì kọ́sítọ́mà á yọ owó, ọ̀rọ̀ á gba ọ̀dọ̀ NIBSS (ilé-iṣẹ́ tó so àwọn báǹkì Nàìjíríà pọ̀) kọjá, á dé báǹkì tiyín, sístẹ́ẹ̀mù sítóò á yọ bàtà kan kúrò nínú èyí tó kù nílẹ̀, ọmọ sítóò á dì í, ráídà á gbé e lọ, SMS á wá sọ fún kọ́sítọ́mà pé ẹrù ẹ̀ ti ń bọ̀. Ọwọ́ bíi mẹ́sàn-án nìyẹn, kò sì sí ìkankan nínú wọn tó rí gbogbo ọ̀nà náà látòkè délẹ̀. Tí nǹkan bá wá bàjẹ́, tẹ́ẹ ń pè wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan, èsì kan náà lẹ máa gbọ́: "lọ́dọ̀ tiwa o, ó ti lọ." Wọn ò sì parọ́, lọ́dọ̀ tiwọn, ó ti lọ lóòótọ́.

Ohun tí mo fẹ́ kẹ́ẹ mọ̀ ká tó bẹ̀rẹ̀ ni pé ìkùnà irú iṣẹ́ báyìí kì í sábà fi error bẹ̀rẹ̀. Pípẹ́ ló máa ń kọ́kọ́ dé, tàbí kí ibì kan kàn ṣàdédé dákẹ́, nǹkan á máa tò sẹ́yìn ara wọn díẹ̀díẹ̀, error tẹ́ẹ máa rí lójú screen máa ń wá nígbà tí ọ̀rọ̀ ti bọ́ sórí. Ẹni tó bá ń ka error nìkan, àbọ̀ ló ń gbọ́. Torí náà gbogbo ohun tí mo fẹ́ kọ síbí yìí, lórí bẹ́ẹ ṣe máa ka pípẹ́ àti ìdákẹ́ ni, kẹ́ẹ sì mọ ohun tẹ́ẹ máa ṣe sí i. Kò dìgbà tẹ́ẹ bá ní owó AI.

Ìgbésẹ̀ 1: Ẹ tọ ipasẹ̀ ọ́dà kan ṣoṣo

Ẹ mú ọ́dà kan láàárín tàná, ọ́dà gidi tí èèyàn san owó fún, kẹ́ẹ tẹ̀lé e látìgbà tó wọlé títí tó fi dọ́wọ́ ẹni tó ni ín. Ẹ fi bíró kọ ọ́ sórí pépà. Níbi kọ̀ọ̀kan tó bá dúró sí, ẹ béèrè pé ta ló ni ibí, kí la fi ránṣẹ́ sí i, kí ló máa fi hàn wá pé ó ti ṣe é, báwo ló ṣe máa ń pẹ́ tó, tó bá sì dákẹ́ ńkọ́, ta ló máa kọ́kọ́ mọ̀? Ìbéèrè tó gbẹ̀yìn yẹn ló máa ń jẹ́ kí gbogbo ẹni tó wà ní mítìn máa wojú ara wọn.

Ẹ má fo ibi tó jẹ́ pé èèyàn ló ń ṣe é o. WhatsApp group tí mánéjà sítóò fi ń sọ fún àwọn ráídà pé ẹrù ti wà nílẹ̀, ara ọ̀nà náà ni. Excel tí akáńtáǹtì máa ń ṣí lọ́wọ́ ìrọ̀lẹ́ láti fi wo owó tó wọlé, òun náà wà níbẹ̀. Àwọn oníkọ̀ǹpútà máa ń gbàgbé láti ya àwọn ibí yìí sínú àwòrán wọn, ibẹ̀ gan-an sì ni ọ́dà máa ń sùn mọ́jú sí. Leslie Lamport, onímọ̀ kọ̀ǹpútà, ti sọ ọ́ láti 1987 pé sístẹ́ẹ̀mù tó tàn ká lèyí tí kọ̀ǹpútà kan tóo ò tiẹ̀ mọ̀ pé ó wà láyé lè bàjẹ́, kí tìẹ náà má ṣiṣẹ́ mọ́. Tó bá jẹ́ iṣẹ́ ọjà, ẹ fi "fóònù mánéjà tí bátìrì ẹ̀ kú" kún un.

Ẹ ṣe ìṣirò kékeré kan nígbà tẹ́ẹ bá kọ ọ́ tán. Tí ibi mẹ́sàn-án bá wà, tí ọ̀kọ̀ọ̀kan ń ṣe dáadáa nígbà 99 nínú 100, èyí tó dà bí ẹni pé kò burú rárá, ẹ fi 0.99 lọ́po ara ẹ̀ nígbà mẹ́sàn-án, ẹ máa rí bíi 0.913. Ìyẹn ni pé nínú ọ́dà 1,000, bíi 86 ló máa kọsẹ̀ níbì kan, tí gbogbo àwọn tẹ́ẹ jọ ń ṣiṣẹ́ á sì máa fi 99% yangàn sí yín.

Ìgbésẹ̀ 2: Nọ́ńbà kan, láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin

Láìsí eléyìí, ẹ má wulẹ̀ ka ìyókù. Ọ́dà kọ̀ọ̀kan gbọ́dọ̀ ní nọ́ńbà kan tó máa bá a rin gbogbo ìrìn ẹ̀. Kì í ṣe orúkọ kọ́sítọ́mà, kì í ṣe nọ́ńbà fóònù ẹ̀, torí ẹnì kan lè ra nǹkan lẹ́ẹ̀mẹta lọ́jọ́ kan. Ilé-iṣẹ́ tó ń gbowó máa fún un ní reference tiwọn, báǹkì náà á ní tiẹ̀, àwọn oníráídà náà á ní tiwọn, kò burú, ẹ kàn ní tábìlì kan tó so gbogbo wọn mọ́ nọ́ńbà tiyín. Ibi tí wọ́n bá ti gbà yín láyè láti fi nọ́ńbà tiyín ránṣẹ́, ẹ fi ránṣẹ́.

Lẹ́yìn náà, àkọsílẹ̀. Òpó mẹ́ta ló tó bẹ̀rẹ̀: nọ́ńbà ọ́dà, ohun tó ṣẹlẹ̀, àti ìgbà tó ṣẹlẹ̀. Ohun kan náà tí àwọn tó ń ṣe process mining, bíi ọ̀jọ̀gbọ́n Wil van der Aalst, máa ń béèrè nìyẹn kí wọ́n tó ya ọ̀nà tí iṣẹ́ ń gbà. Ẹ lè fi òpó kẹrin kún un, bíi báǹkì wo, sítóò wo, ráídà wo, torí ẹ máa nílò ẹ̀ láìpẹ́.

Ọ̀rọ̀ àkókò máa ń fa wàhálà ju bẹ́ẹ ṣe rò lọ. Aago Nàìjíríà fi wákàtí kan ṣáájú UTC, ìyẹn aago tí gbogbo ayé fi ṣe òṣùwọ̀n, tí server yín (kọ̀ǹpútà tó ń gbé website yín) bá wá ń kọ UTC, tí ti alábàáṣiṣẹ́ yín ń kọ aago Èkó, tàbí kó jẹ́ òdìkejì ẹ̀, ẹ máa rí i pé báǹkì ti dáhùn ìbéèrè ní wákàtí kan kẹ́ẹ tó bi í, tàbí kí ọ́dà tó lo ìṣẹ́jú àáyá méjì dà bí èyí tó lo wákàtí kan. Ẹ kọ gbogbo ẹ̀ sílẹ̀ ní UTC, kẹ́ẹ wá yí i sí aago ilé nígbà tẹ́ẹ bá ń fi han èèyàn. Àti pé àkókò méjì ló yẹ kẹ́ẹ tọ́jú, ìgbà tí nǹkan ṣẹlẹ̀ àti ìgbà tí ìròyìn ẹ̀ dé ọ̀dọ̀ yín. Bí àlàfo àárín méjèèjì bá ṣe ń fẹ̀ sí i, àmì nìyẹn fúnra ẹ̀, ẹnì kan ti ń rẹ̀ lójú ọ̀nà.

Ìgbésẹ̀ 3: Kí lẹ ń pè ní ìkùnà?

Ẹ jókòó, kẹ́ẹ kọ ọ́ sílẹ̀, kẹ́ẹ sì jọ fẹnu kò lé e lórí, àwọn tó ń kọ kóòdù àti àwọn tó ń gbé ìpè kọ́sítọ́mà. Èyí tó rọrùn ni error tó hàn. Àwọn kóòdù ISO 8583 táwọn báǹkì ń lò láti ìgbà pípẹ́ ti ṣe ìyẹn sílẹ̀: 51 ni pé owó ò tó lọ́wọ́ ẹni tó fẹ́ sanwó, 91 ni pé báǹkì ẹ̀ tàbí switch (ẹ̀rọ tó ń gbé ọ̀rọ̀ owó láti báǹkì kan sí òmíràn) ò sí lórí ìlà, 96 ni pé sístẹ́ẹ̀mù ní ìṣòro. Ẹ rí i pé 51 kì í ṣe ìkùnà yín rárá, àpò kọ́sítọ́mà ló gbẹ. Tẹ́ẹ bá dà á pọ̀ mọ́ 91, ẹ máa rò pé báǹkì ti ń kú lọ́jọ́ 20 oṣù, nígbà tó jẹ́ pé owó oṣù ni ò tíì wọlé.

Èkejì ni èyí tó pẹ́. Ọ́dà tó dé lọ́jọ́ karùn-ún nígbà tẹ́ẹ ti ṣèlérí ọjọ́ méjì, gbogbo kọ̀ǹpútà máa fi àwọ̀ ewé hàn sí i, kọ́sítọ́mà ti kà á sí jìbìtì. Ẹ kọ iye àkókò tó jẹ́ pé tó bá kọjá ẹ̀, ó ti kùnà, ì báà dé o.

Ẹ̀kẹta ló burú jù, ìyẹn èyí tó ṣe àbọ̀. Owó ti kúrò lọ́wọ́ kọ́sítọ́mà, kò tíì wọlé sọ́dọ̀ yín, kò sì sẹ́ni tó lè sọ ibi tó wà. Tàbí owó ti wọlé, wọn ò yọ bàtà sílẹ̀, ẹlòmíì ti ra èyí tó kẹ́yìn. Error ò sí níbẹ̀ rárá. Ìdí nìyẹn tí "mi ò mọ̀" fi gbọ́dọ̀ jẹ́ ipò kan nínú sístẹ́ẹ̀mù yín, yàtọ̀ sí "ó ti lọ" àti "kò lọ". Tí timeout bá ṣẹlẹ̀, ìyẹn ni pé ẹ dúró de èsì títí àkókò fi tán, ẹ ò mọ̀ ni, ẹ má kọ "kò lọ".

Ìgbésẹ̀ 4: Ẹ mọ bí iṣẹ́ ṣe máa ń pẹ́ tó nígbà tí ara bá le

Ẹ gbà mí láyè kí n bú average díẹ̀. Ká ní ọ́dà 100 ni owó wọn gba báǹkì kan, 90 lo ìṣẹ́jú àáyá 4, mẹ́wàá lo 90. Average ẹ̀ jẹ́ 12.6. Kò sí ẹnikẹ́ni nínú ọgọ́rùn-ún èèyàn yẹn tó lo 12.6! Ẹ lo percentile dípò ẹ̀: ẹ to gbogbo àkókò láti kékeré dé ńlá, èyí tó wà láàárín gan-an ni p50, èyí tí 95 nínú 100 ò kọjá ẹ̀ ni p95. Excel ní PERCENTILE fún un, kò le. Ìgbà tí nǹkan bá fẹ́ bàjẹ́, p50 lè wà níbi tó wà, p95 ló máa kọ́kọ́ gbéra.

Ẹ pín in sí wẹ́wẹ́, torí p95 gbogbo báǹkì papọ̀ ò sọ nǹkan kan fún yín. Ẹ pín in sí báǹkì kọ̀ọ̀kan, sí wákàtí, sí ọjọ́. Ọjọ́ tí owó oṣù ń wọlé ò lè rí bí ọjọ́ Tuesday àárín oṣù, oṣù December ò lè rí bí oṣù mìíràn, ọ̀sán ọjọ́ Jímọ̀ náà sì ní bó ṣe máa ń rí.

Nǹkan kan wà tó máa ń tan àwọn tó mọ̀wé pàápàá jẹ níbí. Tẹ́ẹ bá ṣírò àkókò látinú ọ́dà tó ti parí nìkan, àwọn tó ṣì há sójú ọ̀nà ò ní sí nínú ẹ̀, bẹ́ẹ̀ àwọn ló pẹ́ jù. Nǹkan lè dẹnu kọlẹ̀ pátápátá ní báǹkì kan, kí ìwọ̀nba tó rí ọ̀nà kọjá jẹ́ èyí tó yá, kí dashboard (ojú tẹ́ẹ fi ń wo bí iṣẹ́ ṣe ń lọ) wá máa dán sí i bí wàhálà ṣe ń pọ̀ sí i. Torí náà, ẹ máa ka ọjọ́ orí àwọn tó ṣì ń dúró mọ́ ọn. Ọ́dà tó ti dúró fún ìṣẹ́jú 20 ti lo ó kéré tán ìṣẹ́jú 20, ìyẹn ti tó láti mọ̀ pé ó ti kọjá p95.

Ìgbésẹ̀ 5: Ẹ wo ìlà, ọjọ́ orí, àti ìdákẹ́

Ibí ni àsọtẹ́lẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀ gan-an, ìṣirò kékeré ló sì gbà. Ní 1961, John Little fi hàn pé iye nǹkan tó wà lórí ìlà jẹ́ iye tó ń wọlé ní wákàtí kan, ẹ fi iye wákàtí tí ọ̀kọ̀ọ̀kan ń lò lọ́po ẹ̀. Ká ní ọ́dà 120 ló ń wọ ibi ìdìpọ̀ ní wákàtí kan, tí ọ̀kọ̀ọ̀kan ń lo ìṣẹ́jú 15, ìyẹn ìdá kan nínú mẹ́rin wákàtí, a jẹ́ pé 30 ló yẹ kó wà lórí ìlà nígbàkígbà. Tẹ́ẹ bá wá wò ó lọ́sàn-án tẹ́ẹ rí 70 níbẹ̀, tí 120 náà ṣì ni èyí tó ń wọlé, ẹ pín 70 pẹ̀lú 120, ẹ máa rí i pé ẹni tó ń wọlé báyìí máa dúró fún bíi ìṣẹ́jú 35. Kò sí error kankan, kò sẹ́ni tó tíì pariwo, ṣùgbọ́n ẹ ti mọ̀ pé ráídà aago mẹ́rin máa lọ lófìfo.

Ẹ sì tún wo bí ọwọ́ ṣe kún tó. Nínú ìṣirò ìlà tó rọrùn jù, tí òṣìṣẹ́ kan tàbí server kan bá ń lo 50% agbára ẹ̀, iṣẹ́ máa lo ìlọ́po méjì àkókò tó yẹ kó lò, tó bá dé 80% á di ìlọ́po márùn-ún, 90% á di mẹ́wàá, 95% á di ogún. Ẹni tó bá ti wakọ̀ gba Ọ̀jọ́ta lọ́wọ́ ìrọ̀lẹ́ ò ní bi mí ní ìdí ẹ̀, ọ̀nà tó kún dẹ́nu, ọkọ̀ kan ṣoṣo ló kàn máa tẹ bíréékì, gbogbo wọn á dúró. Torí ẹ̀ ni mi ò ṣe kí n gbà fún ọ̀gá tó bá ní "ṣebí ó ṣì ku 10%". 10% yẹn ò tó nǹkan kan.

Ìdákẹ́ wá ńkọ́? Ẹ jẹ́ kí ibi kọ̀ọ̀kan ní ìgbà tó pọ̀ jù tó lè lò láìsọ̀rọ̀. Tí báǹkì kan bá máa ń mú tìráńsífà kan wá ní ìṣẹ́jú méjì-méjì lọ́sàn-án Jímọ̀, tí ìṣẹ́jú 15 ti kọjá tí ẹnì kan ò wá, ẹ lọ wò ó, bí error bá tiẹ̀ jẹ́ òdo. Error òdo pẹ̀lú àṣeyọrí òdo, ẹ̀rọ tó kú nìyẹn. Ṣùgbọ́n ní aago mẹ́ta òru, ìdákẹ́ ìṣẹ́jú 15 ò tó nǹkan, ìdí tẹ́ẹ fi pín in sí wákàtí nìyẹn.

Tẹ́ẹ bá ti ní àmì, ẹ rí i dájú pé ẹnì kan ló máa gbà á. Ẹ wo Knight Capital, ilé-iṣẹ́ tó ń ra ìpín tó sì ń tà á ní Amẹ́ríkà, 1 Oṣù Kẹjọ 2012. Server mẹ́jọ ló ń rán ọ́dà ọjà ìpín wọn jáde, kóòdù tuntun dé orí méje, kò dé orí ẹ̀kẹjọ, kóòdù àtijọ́ kan tó wà lórí ẹ̀ wá jí dìde, láàárín ìṣẹ́jú 45 wọ́n ti gba ọ̀nà tó jẹ́ kí wọ́n pàdánù ohun tó lé ní 460 mílíọ̀nù dọ́là. Ohun tó dùn mí nínú ìtàn náà ni pé kí ọjà tó ṣí láàárọ̀ ọjọ́ yẹn, sístẹ́ẹ̀mù wọn ti fi ìmeèlì 97 ránṣẹ́ sí àwọn òṣìṣẹ́, tó ń dárúkọ kóòdù àtijọ́ yẹn gan-an. Wọn ò ṣe é bí àláàmù, kò sẹ́ni tí wọ́n yan iṣẹ́ kíkà ẹ̀ fún, gbogbo ẹ̀ kàn wà nínú inbox. Àsọtẹ́lẹ̀ tó péye ni o! Kò sẹ́ni tó ni ín ni.

Ìgbésẹ̀ 6: Ẹ ka iye ìgbà tí wọ́n ń gbìyànjú

Àmì kan wà tí mo fẹ́ràn ju gbogbo àwọn tó kù lọ, ìyẹn iye ìgbìyànjú lórí ọ́dà kan. Tí ara bá le, ó máa ń sún mọ́ 1. Tó bá ti ń lọ sí 1.3, sí 1.6, iṣẹ́ ṣì ń parí lóòótọ́, gbogbo ènìyàn ń rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ibì kan ti ń kọ̀ ọ́ lẹ́ẹ̀kan kó tó gbà á. Ìyàtọ̀ tó wà láàárín ìyẹn àti kó kọ̀ pátápátá ò pọ̀.

Ìgbìyànjú náà sì máa ń dá kún ẹrù. Tí app bá ń gbìyànjú lẹ́ẹ̀mẹta, tí server yín ń gbìyànjú lẹ́ẹ̀mẹta fún ọ̀kọ̀ọ̀kan, tí ilé-iṣẹ́ agbowó náà tún ń ṣe mẹ́ta, ìbéèrè ẹnì kan ṣoṣo ti di 27 lẹ́nu ọ̀nà báǹkì tó ti rẹ̀ tẹ́lẹ̀. Ẹ fi kọ́sítọ́mà tó ń tẹ bọ́tìnnì léraléra pẹ̀lú ìbínú kún un. Ẹ rántí February 2023, nígbà tí owó tuntun wọ́n bí ojú, tí gbogbo Nàìjíríà ya bo tìráńsífà lẹ́ẹ̀kan náà, ẹ̀yin náà rí ohun tó ṣẹlẹ̀ sí àwọn app báǹkì.

Torí náà, ẹ yan ibì kan ṣoṣo tó máa lẹ́tọ̀ọ́ láti gbìyànjú lẹ́ẹ̀kan sí i, kí àlàfo àárín ìgbìyànjú máa gùn sí i, kí wọ́n má sì jọ padà wá ní ìṣẹ́jú àáyá kan náà. Nọ́ńbà ọ́dà ìgbésẹ̀ kejì á tún wúlò níbí: ẹ fi í ránṣẹ́ pẹ̀lú ìgbìyànjú kọ̀ọ̀kan, kí ẹni tó ń gbà á lè mọ̀ pé èyí tó ti rí tẹ́lẹ̀ ni, kó má yọ owó lẹ́ẹ̀mejì. Tó bá sì jẹ́ owó, ẹ béèrè ipò tó wà kẹ́ẹ tó tún un rán.

Ìgbésẹ̀ 7: Ẹ wá ohun tó so méjì pọ̀, àti ohun tó ní déètì

Ọ̀pọ̀ èèyàn máa ń sọ pé "a ní gateway méjì, ọkàn wa balẹ̀", ìyẹn ilé-iṣẹ́ méjì tó ń bá wọn gbowó. Ó dáa, ṣé báǹkì kan náà kọ́ ló wà lẹ́yìn méjèèjì? Ṣé kì í ṣe data center (ilé tí wọ́n kó server jọ sí) kan náà? Ní 14 Oṣù Kẹta 2024, okùn íńtánẹ́ẹ̀tì abẹ́ òkun mẹ́rin, WACS, MainOne, ACE àti SAT-3, bàjẹ́ lẹ́ẹ̀kan náà nítòsí Abidjan ní Côte d'Ivoire, báǹkì àti ilé-iṣẹ́ ìbánisọ̀rọ̀ lóríṣiríṣi ní Nàìjíríà, Gánà àtàwọn orílẹ̀-èdè míì lágbègbè yìí fara gbá a. Ẹni tó ra íńtánẹ́ẹ̀tì lọ́wọ́ ilé-iṣẹ́ méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ lè wá rí i lọ́jọ́ yẹn pé ibì kan náà lábẹ́ òkun lọ̀nà méjèèjì gbà. Nínú àwòrán tẹ́ẹ yà ní ìgbésẹ̀ kìíní, ẹ fi àwọ̀ kan kun gbogbo ibi tó gbára lé nǹkan kan náà: báǹkì kan, ẹ̀rọ amúnáwá kan, ọ̀nà Èkó sí Ìbàdàn, ọmọ sítóò kan tó jẹ́ òun nìkan ló mọ password.

Ìyókù, ẹ ò nílò ìṣirò kankan, kàlẹ́ńdà ló máa sọ ọ́. Owó SMS tó kù, ẹ pín in pẹ̀lú iye tẹ́ẹ ń lò lójúmọ́, ẹ ti mọ ọjọ́ tó máa tán. API key (kọ́kọ́rọ́ tí sístẹ́ẹ̀mù yín fi ń wọ ti ilé-iṣẹ́ míì) tó ní ọjọ́ ìparí, ọjọ́ ìsinmi Iléyá tí àwọn ráídà ò ní sí, dísù tó kù nínú táǹkì. Certificate website, ìyẹn ìwé ẹ̀rí tí browser fi ń mọ̀ pé website yín kì í ṣe ayédèrú, òun náà ńkọ́? Tẹ́lẹ̀, èèyàn lè gba èyí tó máa lo ọjọ́ 398, ṣùgbọ́n ní 2025 àwọn CA/Browser Forum, ẹgbẹ́ tó ń ṣòfin certificate, dìbò pé láti 15 Oṣù Kẹta 2026, kò ní ju ọjọ́ 200 lọ, ní 2027 á di 100, ní 2029 á di 47. Ẹni tó ń fi ọwọ́ yí i padà lọ́dọọdún máa rí kàyéèfì. Kí ẹ kọ gbogbo déètì yìí sí ojú kan, kí ẹnì kan máa wò ó lọ́jọọ Monday, ó máa gbà yín lọ́wọ́ ìkùnà tó pọ̀ ju èyí tí model (ètò kọ̀ǹpútà tó ń sọ àsọtẹ́lẹ̀) kankan lè rí lọ. Ẹ tún kọ ọjọ́ tí ẹnikẹ́ni bá yí kóòdù tàbí setting padà síbẹ̀, torí ìbéèrè tó yẹ kó kọ́kọ́ wá tí nǹkan bá yí ni "ta ló fọwọ́ kan kí ni?"

Ìgbésẹ̀ 8: Àsọtẹ́lẹ̀ lórí ọ́dà kọ̀ọ̀kan

Ní báyìí, ẹ ti ní àkọsílẹ̀ oṣù bíi mélòó kan. Kẹ́ẹ tó sáré lọ sí machine learning, ìyẹn kíkọ́ kọ̀ǹpútà láti fi àkọsílẹ̀ sọ ohun tó máa ṣẹlẹ̀, ẹ bi àkọsílẹ̀ yín ní ìbéèrè kan: nínú gbogbo ọ́dà tó ti dúró fún ìṣẹ́jú mẹ́ta ní ibi ìsanwó báǹkì yìí, mélòó ló padà kùnà? Tó bá jẹ́ ìṣẹ́jú mẹ́wàá ńkọ́? Ọgbọ̀n ńkọ́? Ẹ ya tábìlì ẹ̀ fún ibi kọ̀ọ̀kan. Ẹ máa rí ibi tí ó ti fò sókè lójijì, bóyá lẹ́yìn ìṣẹ́jú mẹ́jọ, ibẹ̀ ni kẹ́ẹ fi àláàmù sí. Tábìlì lásán ni, ṣùgbọ́n àsọtẹ́lẹ̀ ni, gbogbo ẹni tó wà ní ọ́fíìsì ló sì máa yé.

Tẹ́ẹ bá ṣì fẹ́ ṣe model, ẹ bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú logistic regression, ìṣirò tó rọrùn tó ń sọ bó ṣe ṣeé ṣe tó kí ọ́dà kan kùnà. Nǹkan méjì ni kẹ́ẹ ṣọ́ra fún. Àkọ́kọ́, ẹ má jẹ́ kí model rí ohun tí ẹ ò ní mọ̀ ní àkókò tó yẹ kó sọ̀rọ̀. Tẹ́ẹ bá fi òpó "iye ìgbà tí kọ́sítọ́mà pè wá" sí i, ó máa gba 99 nínú ìdánwò, torí pé ọ́dà ti bàjẹ́ kí wọ́n tó pè. Ìkejì, ẹ fi oṣù àtijọ́ kọ́ ọ, kẹ́ẹ fi oṣù tuntun dán an wò, ẹ má dà wọ́n pọ̀ kẹ́ẹ wá mú láàbọ̀ láàbọ̀, torí kò sí bí ọ̀la ṣe máa wọnú àná.

Ẹ má sì jẹ́ kí "accuracy", ìyẹn iye ìgbà tí model gbà á, tàn yín. Tó bá jẹ́ ọ́dà 100 nínú 10,000 ló ń kùnà, model tó bá ń sọ "kò séwu" lójoojúmọ́ ti gba 99% láìṣe iṣẹ́ kankan. Ká ní èyí tó dáa ló wà lọ́wọ́ yín, tó ń rí 80 nínú 100 yẹn, tó sì ń fẹ̀sùn èké kan 5% péré nínú àwọn 9,900 tó kù. 5% yẹn jẹ́ 495. Àláàmù 575 nìyẹn, 80 péré ló jẹ́ òótọ́, bíi ọ̀kan nínú méje. Ẹni tó ń gbé ìpè máa pa á tì kí ọ̀sẹ̀ náà tó parí, ẹ ò sì lè dá a lẹ́bi. Ohun tẹ́ẹ máa béèrè ni pé nínú ogún àláàmù lójúmọ́ tí a lè bójú tó, mélòó ló jẹ́ òótọ́, ṣé ó sì ń dún nígbà tí àyè ṣì wà láti ṣe nǹkan?

Ìgbésẹ̀ 9: Kí lẹ máa ṣe tó bá dún?

Àláàmù tí kò ní iṣẹ́ lẹ́yìn, ẹ pa á. Ní ti èyí tó bá kù, ẹ kọ orúkọ ẹni tó máa gbà á, ohun tó lè ṣe láìtọrọ àyè, àti iye owó tó lè ná. Tí báǹkì kan bá ti ń rẹ̀, ẹ lè gbé e kúrò lójú website fún ìgbà díẹ̀, tàbí kẹ́ẹ kọ síbẹ̀ pé ó lè pẹ́ díẹ̀. Tí ìlà ìdìpọ̀ bá ti kún, ẹ dẹ́kun láti máa ṣèlérí ọjọ́ kan náà láti ìsinsìnyí, ẹ má dúró dìgbà tí ìlérí bá já. Kẹ́ẹ sì kọ́kọ́ ránṣẹ́ sí kọ́sítọ́mà kó tó pè: "Ẹ jọ̀ọ́ mà, a ti rí i pé owó yín ò tíì wọlé sọ́dọ̀ wa, a ti ń tọ́pa ẹ̀, ẹ má tíì san òmíràn." Gbólóhùn tó gbẹ̀yìn yẹn nìkan máa gbà yín lọ́wọ́ ọ̀pọ̀ wàhálà.

Ibi tí iṣẹ́ bá ti dé ìdajì kó tó kùnà, ẹ gbọ́dọ̀ ti mọ bẹ́ẹ ṣe máa tú u padà. Hector Garcia-Molina àti Kenneth Salem pè é ní saga ní 1987: ìgbésẹ̀ kọ̀ọ̀kan ní èyí tó máa tú u padà, ẹ yọ bàtà sílẹ̀, ẹ lè dá a padà sórí pẹpẹ, ẹ gba owó, ẹ lè san án padà. Àwọn kan wà tí kò ṣeé tú o, SMS tó ti lọ ti lọ, torí ẹ̀ ni kẹ́ẹ fi irú wọn sí ìparí ọ̀nà bó bá ṣeé ṣe. Ọ́dà tó bá sì wà ní "mi ò mọ̀", ẹ má jẹ́ kí ẹ̀rọ dá owó ẹ̀ padà fúnra ẹ̀. Báǹkì náà lè dá owó yẹn padà fún kọ́sítọ́mà lọ́la, á ti gbà á lẹ́ẹ̀mejì, àwọn kọ́sítọ́mà míì ò sì ní gbé e padà wá.

Ìgbésẹ̀ 10: Ẹ máa bi àsọtẹ́lẹ̀ léèrè

Lọ́jọọ Jímọ̀, ẹ ṣí ìwé kan tó ní òpó mẹ́rin: àláàmù tó dún tó sì jẹ́ òótọ́, èyí tó dún lásán, ìkùnà tí àláàmù ò dún sí, àti iye ìṣẹ́jú tó wà láàárín ìgbà tó dún àti ìgbà tí kọ́sítọ́mà kọ́kọ́ pè. Òpó kẹta ni kẹ́ẹ lo àkókò lé lórí jù, torí ibẹ̀ lẹ ti máa rí ibi tí ẹ ò kọ sórí pépà ní ìgbésẹ̀ kìíní. Tẹ́ẹ bá gba òṣìṣẹ́ sí i, tẹ́ẹ bá yí gateway padà, tàbí tí báǹkì kan bá yí sístẹ́ẹ̀mù wọn, p95 àtijọ́ ti di aṣọ tí kò bá yín mu mọ́, ẹ sọ ọ́ nù kẹ́ẹ tún un ṣírò láti ọjọ́ ìyípadà yẹn. Tẹ́ẹ bá fẹ́ bẹ̀rẹ̀ kékeré, ẹ mú báǹkì kan ṣoṣo tí ìpè kọ́sítọ́mà pọ̀ lórí ẹ̀ jù, kẹ́ẹ ka ọjọ́ orí ọ́dà tó pẹ́ jù lórí ìlà ẹ̀ ní ìṣẹ́jú márùn-ún-márùn-ún, ẹni tó bá ní Excel àti fóònù lè bẹ̀rẹ̀ ìyẹn lọ́sàn-án òní.